Ta Ló Dúró Lẹ́yìn Ẹnjiníà?

Ní ọ̀sán Sunday tó kọjá, ẹjọ́ kan fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá sí ààfin, nítorí lífítì kò ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ti fura sí náà ni: ọ̀rọ̀ ipò ni. Ẹni tí ipò bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ló pẹjọ́, kò sì gbà pé ó bọ́.

Ààfin tí à ń wí yìí wà ní àjà kẹta nínú ilé oníkọnkéré kan ní Thamesmead, wíńdò pálọ̀ rẹ̀ sì kọjú sí adágún Southmere. Olóyè Gafar ló ń gbé ibẹ̀, Baálẹ̀ àwọn Yorùbá Woolwich àti Thamesmead. Baálẹ̀ ni wọ́n fi jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ní Kábíyèsí, kì í dá a lẹ́kun. Ó ti wa bọ́ọ̀sì lọ́dún púpọ̀ kó tó joyè, ó sì ti mọ́ ọn lára kí ẹnikẹ́ni má bá òun sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ti ń lọ.

Ẹnjiníà Akóredé ló kọ́kọ́ dé. Agbádá funfun ló wọ̀, ó sì gbé nǹkan fífẹ̀ kan dání tó fi bébà wé, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Crossness ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí gbogbo ohun tí Lọ́ńdọ̀n bá fi omi ṣàn dànù ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n "ilé iṣẹ́ omi" ni òun máa ń pè é. Bí ó bá gbé fóònù nílé ara rẹ̀, "Ẹnjiníà nìyí" ló máa ń sọ.

Fọ́tò ló wà nínú bébà. Ẹnjiníà ti lọ yà á ní Powis Street kí ìbò Prẹ́sídẹ́ǹtì ẹgbẹ́ Yorùbá àdúgbò wọn tó wáyé, kó má bàa di pé wàhálà ìbò ti hàn lójú òun. Ó jókòó sórí àga gíga, ó gbé ọwọ́ lé ìwé ńlá kan tí oníṣọ́ọ̀bù yá a, ó sì ń wo òkèèrè. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, pé báyìí ni Prẹ́sídẹ́ǹtì ẹgbẹ́ ṣe rí. Ìyá gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Ìyá Akóredé mọ́ ládùúgbò. Ìyá Prẹ́sídẹ́ǹtì ni.

Orúkọ yìí ló ń jẹ Ẹnjiníà lọ́kàn bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Èèyàn lè tẹ ìyá rẹ̀ láago pé kó sọ fọ́tò kalẹ̀. Ta ni yóò máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láti gba orúkọ padà lẹ́nu àwọn èèyàn? December ló sì fẹ́ lọ sílé.

Baálẹ̀ ti jókòó. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Mummy Keziah wà, Ìyálóde, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ààfin. Lọ́wọ́ òsì ni Enoch, akọ̀wé ẹgbẹ́. Àwọn ará Thamesmead kún pálọ̀ títí dé kọ́rídọ̀. Ààfin máa ń gbóná, igun gbogbo bákan náà, torí náà wọ́n ti bọ́ kóòtù wọn jọ sórí bẹ́ẹ̀dì Baálẹ̀.

"Kí ni ẹ̀sùn rẹ?" ni Baálẹ̀ bi Ẹnjiníà.

"Kábíyèsí, Thamesmead rán Mìkáílù níṣẹ́, kò jẹ́ ẹ. Ipò mi bá a lọ. Mo wá gbà á."

"Mìkáílù dà?"

"Èmi rèé, bàbá." Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fara ti ilẹ̀kùn ló dáhùn. Mínìkábù ló ń wà lóru, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Jókòó."

"Tí mo bá jókòó, oorun á gbé mi lọ. Ẹ jẹ́ kí n dúró, bàbá."

Baálẹ̀ kọjú sí Enoch. "Akọ̀wé, ṣàlàyé ìbò náà fún wa. Má sì fi òyìnbó rẹ dà wá láàmú."

"Ẹ̀ka mẹ́ta la ní, Kábíyèsí," ni Enoch wí. "Woolwich, Plumstead àti Thamesmead. Tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la máa ń péjọ yan Prẹ́sídẹ́ǹtì, ó sì máa ń dìjà. Nígbà tí wọ́n dìbò ní Amẹ́ríkà ní 1992, mo lọ yá ìwé ní láíbúrárì. Mo rí i pé àwọn ará ibẹ̀ kì í fúnra wọn yan Prẹ́sídẹ́ǹtì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á dìbò, wọ́n á wá ní àwọn aṣojú tí yóò lọ dì í gan-an. Òun ni mo bá wa mú wá."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń dì í lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ibẹ̀ ni mo kà á dé tí wọ́n fi ní kí n dá ìwé padà."

"Aṣojú yìí, ṣé dandan ni kó tẹ̀ lé ibi tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá dìbò sí?"

"Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, òfin dè é. Ní àwọn mìíràn, òfin ò dè é, ìtìjú ló dè é."

"Tiwa ńkọ́?"

"Tiwa, ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ ọ́ sínú òfin, oúnjẹ dé."

Ìgbìmọ̀ mi orí. Wọ́n rántí oúnjẹ náà.

"A ò lo bébà," ni Enoch ń bá a lọ. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé báyìí la ṣe é. Ẹni tí o bá fẹ́, o lọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, o tò sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀. Woolwich tò sẹ́yìn Alhaja Medinat. Plumstead tò sẹ́yìn Ẹnjiníà. Thamesmead..."

"Thamesmead tò sẹ́yìn mi," ni Ẹnjiníà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Gbogbo wọn pátá. Kò ku ẹnì kan."

Ó di ojú díẹ̀, ọjọ́ náà sì tún padà wá bá a. Họ́ọ̀lù tó wà létí Southmere ni. Òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn. Òun ló kọ́kọ́ dé, ó sì yan ìdí ògiri lókè lọ́hùn-ún, ibi tó tura jù lọ. Alhaja wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n bá lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kan tí kì í pa dé dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, fọ́tò á já, Enoch á tún un lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n tò, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo apá ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà ni wọ́n ń rọ́ bọ̀. Wọ́n sún mọ́ ọn débi pé àwọn kan ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀wù rẹ̀ kó lè rí ìbùkún gbà. Ìfẹ́ wọn mú ara rẹ̀ gbóná tó fi bọ́ kóòtù. Nígbà tí Enoch kà wọ́n tán, wọn kò fẹ́ tú ká.

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Waheedah wà níbí."

Waheedah dìde. Bàtà ló ń tà ní Powis Street, Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n sì bí i sí.

"Ẹ̀yìn ta lo tò sí lọ́jọ́ náà?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yìn uncle."

"Ṣé wọ́n fipá mú ọ?"

"No. Wọ́n tiẹ̀ ní ká máa lọ sílé, mo ní mi ò tí ì ready."

Ẹnjiníà wo ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé."

"Uncle, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé..."

"Ó tó, ọmọ mi. O ti jẹ́rìí."

"Ṣùgbọ́n o ò tí ì jẹ́ kí n..."

"Ẹ ò tí ì," ni Mummy Keziah tún un ṣe. "Uncle rẹ ni. Wá jókòó."

Waheedah sọ èjìká, ó jókòó.

"Ó wá ku ìpàdé gbogbogbòò ní Woolwich," ni Enoch wí. "Àwọn aṣojú mẹ́ta ló yẹ kó tò níbẹ̀. Ti Woolwich tò sẹ́yìn Alhaja. Ti Plumstead tò sẹ́yìn Ẹnjiníà. Mo wò yíká, mo rí Mìkáílù, aṣojú Thamesmead, lẹ́yìn Alhaja. Mo kà á mọ́ wọn. Méjì sí ọ̀kan. Alhaja wọlé."

"O rí Mìkáílù tó dúró níbẹ̀?"

"Mo rí i níbẹ̀, Kábíyèsí."

"Mo ní ṣé ó dúró."

Enoch ronú. "Kò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Ó nà gbọọrọ sílẹ̀ ni."

Baálẹ̀ yíjú sí Mìkáílù.

"Mo ń dọ̀bálẹ̀ ni, bàbá," ni Mìkáílù wí.

Àwọn tó wà ní kọ́rídọ̀ na ọrùn wọlé.

"Ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà ni mo ń lọ, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Alhaja ni ọ̀nà gbà. Alhaja ni àbúrò ìyá ìyàwó mi. Àwọn ló fa ìyàwó mi lé mi lọ́wọ́. Ṣé kí n wá gba ẹ̀yìn àna mi kọjá bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, 'Ẹ káàsán, mà.' Wọn ò gbọ́, wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Mo bá dúró síbẹ̀."

"O dúró ni, àbí o dọ̀bálẹ̀?"

"Mo dúró nílẹ̀, bàbá. Àna mi ò tí ì ní kí n dìde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde?"

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ló rántí àna tiwọn.

Alhaja Medinat jókòó sí tòsí wíńdò, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó sì máa ń gbọ́ ohun tí èèyàn bá sọ títí dé òpin.

"Alhaja, ẹ gbọ́ ìkíni yìí?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mi ò gbọ́, Kábíyèsí. Obìnrin kan ń bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, àna mi sì wà nílẹ̀. Mo rò pé ó ń kí mi kú oríire ni."

"Kí ni kú oríire níbẹ̀?" ni Mummy Keziah wí. "Ó ń sùn ni."

Gbogbo ojú yí sí i.

"Mo jókòó sítòsí ibẹ̀. Ó ń hanrun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbé báàgì mi kúrò kó lè na ẹsẹ̀."

"Mìkáílù," ni Baálẹ̀ wí, "ìkíni ni, àbí oorun?"

"Ìkíni ló kọ́kọ́ jẹ́, bàbá. Oorun wá bá a níbẹ̀. Gbogbo òru ni mo fi wakọ̀."

"Ẹ gbọ́ o," ni Ẹnjiníà wí. "Ó sun ipò mi mọ́ ilẹ̀. Nígbà tó wá jí, kí ló dé tí kò lanu sọ̀rọ̀?"

"Ẹnjiníà, nígbà tí mo jí, Alhaja ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní, 'Àna mi, o ṣeun. Mi ò mọ̀ pé o lè ṣe báyìí fún mi.' Omi ti lé ròrò sí ojú wọn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé ẹlòmíràn ni mo ń bá lọ? Ilé ta ni mo fẹ́ sùn sí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ibi tí o sùn sí kọ́ là ń sọ. Kábíyèsí, Thamesmead ló rán an. Ní ilé iṣẹ́ mi, ohun tí a bá rán gba inú páìpù kì í dúró kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ibi tí a rán an sí ló ń dé."

"Kí lẹ máa ń rán gba inú páìpù náà?" ni Baálẹ̀ bi í.

Ẹnjiníà tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká. "Omi, Kábíyèsí."

"Omi wo?"

"Omi oríṣiríṣi."

Mìkáílù rí ààyè níbẹ̀. "Èmi kì í ṣe omi oríṣiríṣi, bàbá. Èèyàn ni wọ́n rán. Bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹni tí wọ́n rán ní àna, tí wọn ò fẹ́ kó lo ọpọlọ, wọn ì bá ti tẹ fóònù. Aṣojú ni mí. Mo débẹ̀, mo rò ó dáadáa, mo rí i pé Alhaja ló yẹ."

"Ìgbà wo lo rò ó?"

"Nílẹ̀ níbẹ̀."

"Lójú oorun?"

"Ìgbà yẹn ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ jù, bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè," ni Mummy Keziah wí. "Bí Thamesmead bá rán an sí ibi tí kò dáa, tí Ẹ̀mí bá wá bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà, ní Plumstead níbẹ̀, ṣé kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?"

Baálẹ̀ wo Mìkáílù. "Ṣé ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ ní Plumstead?"

"Rédíò ọkọ̀ mi nìkan, bàbá. Wọ́n ní kí n wá gbé èrò kan ní Abbey Wood."

"Ìwọ Mìkáílù, ẹnu méjì lo fi ń sọ̀rọ̀. O kọ́kọ́ ní o ò dìbò rárá, ìkíni ni. O tún ní o dìbò, pé o rò ó."

"Èyí tí ẹ bá gbà nínú rẹ̀ ni mo mú, bàbá."

Ìgbìmọ̀ fi orí korí. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí Mummy Keziah ní láti kọ́kọ́ béèrè bí orúnkún tó ń dun Baálẹ̀ ṣe rí. Ẹnjiníà dúró ṣánṣán, ó ń wo òkèèrè gẹ́gẹ́ bó ṣe wò ó nínú fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Nígbà tí mo ń wa bọ́ọ̀sì," ó ní, "iwájú bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń kọ ibi tó ń lọ sí. Ó wù mí nígbà púpọ̀ kí n yà. Lọ́jọ́ kan, mo yà."

"Ibo lẹ yà sí, Kábíyèsí?" ni Enoch bi í.

"Ilé. Ebi ń pa mí. Àwọn èrò jókòó sínú bọ́ọ̀sì lábẹ́ wíńdò mi, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Oúnjẹ náà ò lọ lọ́fun. Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí. Aṣojú gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n kọ sí i níwájú. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àna rẹ̀. Kì í ṣe ibi tí oorun bá ká a mọ́. Thamesmead ló ni ìdúró Mìkáílù. Ibi tí Thamesmead bá dúró sí, ibẹ̀ ni kí Enoch kà á sí."

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀.

"Mi ò tí ì parí. Mìkáílù, nítorí pé o ò mọ ibi tó yẹ kó o dúró sí, ilé ẹjọ́ yìí yóò kọ́ ọ. Láti òní títí ọdún yóò fi parí, níbikíbi tí Ẹnjiníà bá dúró sí láwùjọ Yorùbá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o dúró sí. O ò gbọ́dọ̀ yà. Bó o bá fẹ́ kí àna rẹ, ẹ̀yìn Ẹnjiníà ni kó o ti kí i."

"Bí wọ́n bá ń jó ńkọ́, bàbá?"

"Máa jó lẹ́yìn rẹ̀."

Mìkáílù rìn lọ, ó dúró sẹ́yìn Ẹnjiníà, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnjiníà kò tilẹ̀ wò ó. Ó ti ń tú bébà kúrò lára fọ́tò, ó ń yẹ ògiri ààfin wò bóyá ìṣó kan wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń tẹ nọ́ńbà Ìjẹ̀bú-Igbó.

Alhaja Medinat ṣí báàgì rẹ̀, ó tún pa á dé. "Kábíyèsí, ìdájọ́ yín dára. Mo gbà pé aṣojú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àwọn tó rán an. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Thamesmead ló kún inú pálọ̀ yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n tò, fọ́tò mi ni wọ́n rí, wọn ò rí èmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún tò níṣojú mi, kí àna mi lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n rán an sí."

Baálẹ̀ ṣì ń rò ó nígbà tí Ẹnjiníà dáhùn.

"Mo fara mọ́ ọn, Kábíyèsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò. Bí wọ́n ṣe dúró tì mí nínú òtútù, ṣé inú ilé ni wọn ò ti ní dúró tì mí?"

"O gbọ́ ara rẹ?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mo gbọ́."

"Ẹ tò."

Alhaja lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà kọ́rídọ̀. Ẹnjiníà lọ sí ìdí wíńdò, ó kọjú sí Southmere, ó kọ ẹ̀yìn sí pálọ̀. Kò yẹ kí Prẹ́sídẹ́ǹtì máa bojú wẹ̀yìn. Pẹ́pẹ́yẹ méjì wà lórí adágún, ọ̀kan ń lọ, èkejì ń tẹ̀ lé e, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń gún ara wọn ní ìgúnpá, tí wọ́n ń bẹ ara wọn. Èémí gbígbóná kan bà á ní ọrùn, ó mọ̀ pé èrò ti dé.

Enoch bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ń pẹ́. Ẹnjiníà rò pé ìlà náà gùn débi pé ìdí rẹ̀ ti wọ kọ́rídọ̀. Ó gbé fọ́tò sí àyà, kí gbogbo wọn lè rí i bí òun bá yíjú padà.

Enoch wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Lẹ́yìn Ẹnjiníà," ó ní, "ọ̀kan."

Ẹnjiníà yíjú padà.

"Ẹ kú ìdúró, sà," ni Mìkáílù wí. "Mi ò yà síbì kankan."

Láti ọ̀dọ̀ Mìkáílù títí dé ẹnu ọ̀nà kọ́rídọ̀, kápẹ́ẹ̀tì Baálẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ará Thamesmead ti tò lọ́hùn-ún, àwọn tó wà ní ìparí ìlà ti bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Ẹnjiníà wá ojú Waheedah títí ó fi rí i láàrin wọn.

"Waheedah. Ìwọ tí wọ́n ní kó o máa lọ sílé, tí o ní o ò tí ì ṣetán."

"Uncle, hítà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú họ́ọ̀lù yẹn," ni Waheedah wí. "Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ ló wà."